Báwo ni sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rí agbára?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, wọ́n kọ́ wa pé inú mitochondria ni sẹ́ẹ̀lì ti ń fi ọ́síjìn yọ agbára lára súgà, níwọ̀n bí sẹ́ẹ̀lì pupa ènìyàn kò ti ní mitochondria rárá, kí ni ó ń gbé e ró?

Èsì kìn-ín-ní: Glycolysis ni, ìyẹn ọ̀nà fífọ́ súgà sí wẹ́wẹ́ tí kò nílò ọ́síjìn. Bí ó bá fọ́ ẹyọ glucose (súgà inú ẹ̀jẹ̀) kan, èrè ATP (èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gbé agbára) 2 péré ni yóò jẹ, ṣùgbọ́n ó tó o láti máa ti sódíọ̀mù (èròjà inú iyọ̀) síta kúrò nínú ara rẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ 120 tí ó ń lò láyé. Ó yani lẹ́nu pé sẹ́ẹ̀lì yìí, tí ó jẹ́ alárù ọ́síjìn, kì í fọwọ́ kan ẹrù rẹ̀.

Èsì kejì: Òótọ́ ni, àmọ́ ti adìẹ ṣì ní mitochondria. Ní ti lactate, èròjà tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn glycolysis, ẹ̀dọ̀ ni ó ń gbà á, tí ó sì ń sọ ọ́ di glucose padà.