Àfihàn Sàhárà àtijọ́ ní Lagos Island: ṣé ká da yanrìn sílẹ̀ ni?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Gbọ̀ngàn òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la rí, mítà 9 sí 6, àjà rẹ̀ ga ní mítà 3. A fẹ́ da yanrìn tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí gbogbo ilẹ̀, kí pírójẹ́kítọ̀ 2 máa gbé àwòrán òkè yanrìn sára ògiri gígùn. Kí lẹ rí sí i?

Bàbá Káfíńtà: Yanrìn yẹn á tó mítà kúbíìkì 2.7. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó tọ́ọ̀nù 1.6, ó lé ní tọ́ọ̀nù 4 lórí dẹ́kì kí èrò tó wọlé. Ẹ pe ẹnjiníà ná. Yanrìn ọ̀sà tún níyọ̀, iyọ̀ á máa fa ọ̀rinrin mọ́ra. Ẹ fọ díẹ̀, ẹ sá a gbẹ. Ẹ pa gọ́ọ̀mù sí páákó pẹlẹbẹ tí ẹ máa tẹ́ sílẹ̀, ẹ wọ́n yanrìn lé e, lọ́jọ́ kejì ẹ gbọn èyí tí kò lẹ̀ dànù, kí ẹ fi fáníìṣì tí kì í dán kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara á lè gbà á kọjá, eruku ò sì ní wọ lẹ́ńsì.

Àǹtí Oníná: Ẹ wá pírójẹ́kítọ̀ short throw, èyí tó ń gbé àwòrán ńlá láti itòsí, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0.5: jíjìn rẹ̀ sí ògiri jẹ́ ìdajì fífẹ̀ àwòrán. Láti mítà 2.5 sí ògiri, àwòrán rẹ̀ á fẹ̀ ní mítà 5, á ga ní 2.8. Ẹ jẹ́ kí etí àwòrán méjèèjì gun ara wọn ní mítà 1, ó pé mítà 9 nìyẹn. Ẹ gbé wọn kọ́ sí àjà, kí ẹ ri irin ìdènà ní mítà 1.5 sí ògiri. Ẹni tó bá kọjá irin ni òjìji rẹ̀ á bọ́ sórí àwòrán. Ẹ má gbàgbé UPS o. Iná á lọ.

Ìyá Ìbejì: Òkè yanrìn nìkan kẹ̀? Ní nǹkan bí ọdún 11,000 sí 5,000 sẹ́yìn, koríko àti adágún ló wà ní Sàhárà, torí bí ayé ṣe ń fì lórí ọ̀pá rẹ̀ ti gbé òjò lọ sí àríwá. Ẹ wo àwòrán màlúù àti erinmi lára àpáta Tassili n'Ajjer, ní Àlgéríà. Ọkọ̀ ojú omi Dufuna tí wọ́n hú jáde ní ìpínlẹ̀ Yobe, tí wọ́n rí lọ́dún 1987, ti tó ọdún 8,000. Eruku ọyẹ́ tó ń bo mọ́tò wa l'Ékòó, púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti Bodélé ní Chad, ìsàlẹ̀ adágún tó ti gbẹ. Eruku yẹn ni kí ẹ fi ṣílẹ̀kùn àfihàn náà, kí èrò sì bọ́ sínú adágún àtijọ́.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Ẹ ṣeun, mà. Omi gidi ńkọ́?

Bàbá Káfíńtà: Rárá o! Ẹ̀fọn kì í ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ́ pẹrisípẹ́ẹ̀sì, ike líle, dúdú tó ń dán sáàárín irin àti ògiri, àwòrán á hàn nínú rẹ̀ bí adágún. Ohùn ọ̀pọ̀lọ́ á ṣe ìyókù.