Gìtá oníná: tuntun ni àbí tòkunbọ̀?

Ìbéèrè:
Ẹ kú ilé o. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń ta gìtá ní Ṣàgámù, mo wá ń tọ́jú owó láti ra tèmi. Lánàá mo ya ṣọ́ọ̀bù kan n'Íjẹ̀bú-Òde, mo gbé tuntun kan wò, ó ń dán gbinrin, àmọ́ gìtá Stratocaster tòkunbọ̀ kan wà lára ògiri, ọ̀dà ẹ̀ ti họ níbi tí apá máa ń gbà, mo kàn fọwọ́ kan okùn ẹ̀ báyìí, orí mi wú. Èwo ni kí n mú?

Èsì:
Àbúrò, má tíì sanwó o. Gbé e sókè bí ọdẹ tó fẹ́ yìnbọn, fi ojú kan wo ọrùn ẹ̀, tó bá wọ́ wàá rí i. Lẹ́yìn náà ta okùn kọ̀ọ̀kan lófìfo, kó o wá tẹ̀ ẹ́ ní fret kejìlá (fret ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn ẹ̀), ohùn kan náà ló yẹ kó jáde, kó kàn ga ní ọ̀kìtáàfù kan, bíi láti dò ìsàlẹ̀ sí dò òkè. Tí ò bá bára mu, ní kí wọ́n tún un ṣe níbi bridge, ìyẹn irin tí okùn jókòó lé lára gìtá, níṣojú ẹ.

Èsì:
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Látọdún 1954 tí ilé iṣẹ́ Fender ti gbé Stratocaster jáde ni pickup (ohun tó ń gba ohùn okùn) mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ẹ̀ ti máa ń hùn díẹ̀, ìyẹn ò ní kó o sá. Ariwo tó ń dún kẹrẹkẹrẹ tó o bá yí fólúùmù ni kó o bi wọ́n léèrè. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń lò, jọ̀ọ́ dúró de NEPA kó o tó gbọ́ ohùn ẹ̀.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣé gan-an ni. Sátidé ni màá padà lọ, tòkunbọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.