Fíìmù Yorùbá wo ni kí n fi han àwọn ìbejì mi?

Ìyá Ìbejì (Peckham): Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Àwọn ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 11. Wọ́n gbọ́ Yorùbá, àmọ́ Òyìnbó ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Tí wọ́n bá ti ti iléèwé dé, ìjà páàdì ló kù: FIFA, gémù bọ́ọ̀lù yẹn (mo mọ̀ pé wọ́n ti yí orúkọ ẹ̀ padà ní 2023, bẹ́ẹ̀ la ṣì ń pè é nílé wa). Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fi fíìmù wa kan sí i. Babaláwo pọfọ̀, iná jáde lọ́wọ́ ẹ̀, Táyé bú sẹ́rìn-ín, ó ní iná inú gémù àwọn dáa jù ú lọ. Ojú tì mí díẹ̀, mi ò purọ́. Àmọ́ obìnrin kan wọlé, ó ní "Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà", wọ́n kọ "Hello" sísàlẹ̀. Kẹ́hìndé ní, "Mummy, ohun tó sọ gùn ju ìyẹn lọ." Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé etí wọn ṣì là. Èwo ni ká wò tẹ̀lé e? Ṣé kí n pa àkọlé ìsàlẹ̀ yẹn ni?

Alágbà Ìbàdàn: Ṣaworoidẹ ni, ti Túndé Kèlání, 1999. Ọba tuntun ní Jogbo kọ̀, kò gbà kí wọ́n sín òun ní gbẹ́rẹ́, torí owó gẹdú ló ń wò. Wọ́n á bi yín pé kí ló dé tí ìlù kan ṣoṣo fi ń ba ọba lẹ́rù. Ẹ má dá wọn lóhùn o! Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, Yorùbá ibẹ̀ kì í ṣe ti "hello".

Ọmọ Ẹ̀gbá: Alágbà, ẹ má bínú o, ọmọ tó ń ta gémù á ti sùn lọ kí ìlù yẹn tó dún. Jagun Jagun (2023) ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Ọmọkùnrin tó ń bá igi sọ̀rọ̀ lọ kọ́ṣẹ́ ogun lọ́dọ̀ ọ̀gá tó rorò. Ìdánwò kan ò tíì tán tí òmíì fi dé, bíi gémù gan-an. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ ṣá, ẹ kọ́kọ́ dá a wò. Aníkúlápó ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n hu irùngbọ̀n ná.

Àǹtí Houston: Gémù yẹn gan-an ni mo lò ní tèmi. Mo pa ohùn Òyìnbó inú ẹ̀, mo ní ẹni tí páàdì ò bá sí lọ́wọ́ ẹ̀ ni kó máa sọ bọ́ọ̀lù ní Yorùbá. Níbẹ̀rẹ̀, "ó gbá a, ó gbá a" nìkan ni. Nígbà tó yá, mo wà ní kíṣìnì tí mo gbọ́ "Aṣọ́lé yìí ti sùn lọ!" Ẹ fi àkọlé sílẹ̀. Ẹni tó bá mú àṣìṣe níbẹ̀, kó gba ṣúìtì kan.

Ìyá Ìbejì (Peckham): Ẹ ṣé gan-an. Ṣaworoidẹ la wò lálẹ́ àná (Ọmọ Ẹ̀gbá, ẹ forí jì mí). Ogójì ìṣẹ́jú péré la wò nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sùn. Ṣíbí ni Táyé fi ń lu tábìlì. Lórí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti bi mí bóyá wọ́n sín èmi náà ní gbẹ́rẹ́. Mo ní méjì, lẹ́yìn ọrùn, nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Kẹ́hìndé ní kí n tẹrí ba. Ó fìka kàn án, ó ní, "Ṣé ó dùn ẹ́, Mummy?" Mi ò tiẹ̀ rántí sọ fún un pé "yín" là ń sọ.