Lọ́rì ológun tí mo rà ní gbàǹjo, àti bó ṣe gba orí omi dé ọwọ́ mi

Oṣù mẹ́sàn-án ni lọ́rì yẹn lò kó tó dé ọwọ́ mi. Nínú oṣù mẹ́sàn-án yẹn, ọjọ́ mọ́kàndínlógún péré ló lò lórí omi. Gbogbo ìyókù, ìwé la ń dúró dè.

M35A2 ni. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń pe irú rẹ̀ ní deuce and a half, nítorí pé tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀ ni wọ́n ní kó máa rù bó bá kúrò lójú títì. Táyà mẹ́wàá ló ní, gbogbo wọn ló sì lè fà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló wù mí jù. LDT-465 lorúkọ rẹ̀, sílíńdà mẹ́fà, lítà 7.8. Wọ́n ṣe é kó lè mu díísù, kó mu epo ọkọ̀ òfuurufú, kó tiẹ̀ lè mu bẹntiróòlù bí kò bá sí òmíràn. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú rẹ̀. Ibi tí mo fẹ́ máa gbé e wọ̀, ẹni tó bá ní sípánà àti sùúrù ló gbọ́dọ̀ lè tún un ṣe, torí ẹlòmíì kò ní dé ibẹ̀.

Amẹ́ríkà ni lọ́rì náà wà, orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni gbàǹjo náà ti wáyé. Àwòrán bí ogójì ni wọ́n gbé síbẹ̀, mo sì wò wọ́n títí ojú fi ń ta mí. Mi ò wo ọ̀dà, torí ọ̀dà ológun a máa bo ìpẹtà mọ́lẹ̀. Abẹ́ ni mo wò, níbi tí sípíríǹgì ẹ̀yìn ti so mọ́ ṣáṣí. Mo wo ẹ̀gbẹ́ táyà bóyá ó ti sán. Mo wo ibi tí òróró ti ń jò. Mo sì wo páànù kékeré tó wà níwájú awakọ̀, èyí tí wọ́n kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo wo ti nọ́ńbà yẹn, ó sì dùn mí títí dòní.

Bí gbàǹjo bá já mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ má tíì pe ẹni tó máa gbé e. Lọ́rì náà kò ní kúrò nínú ọgbà àfi tí ẹ bá kún fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní End Use Certificate. Ohun tí wọ́n ń bèèrè kò ṣòro: ta lẹ jẹ́, kí lẹ fẹ́ fi ọkọ̀ náà ṣe, ibo ló ń lọ. Wọ́n á yẹ̀ yín wò, ẹ ó sì dúró. Ẹnì kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n kọ ọ́ pé inú Amẹ́ríkà ni mo ti fẹ́ lò ó, kó lè tètè yá. Mi ò gbà. Ẹ kọ ibi tó ń lọ gan-an láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ìwé kan náà ni wọ́n máa padà gbé síwájú yín lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá fẹ́ wọ omi. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni tèmi lò níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni SF 97, ìwé tí ìjọba fi ń jẹ́rìí pé àwọn ló ta ọkọ̀ náà fún yín. Òun lẹ ó gbé lọ gba ìwé ọkọ̀ gidi. Tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù méjì.

Ìwé kẹta, ìyẹn ìwé àṣẹ láti gbé ọkọ̀ náà jáde nílùú, ló máa ń ká ọ̀pọ̀ èèyàn mọ́ lójijì. Lọ́rì tí kò ní ìbọn, tí kò ní irin tó ń dá ọta dúró, ohun èlò ológun ṣì ni lójú òfin tó de ọjà tó ń lọ sókè òkun. Títí di ọdún 2014, State Department, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ló ń mójú tó ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọdún yẹn ni wọ́n kó wọn bọ́ sábẹ́ Commerce, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí òwò, nọ́ńbà tí wọ́n sì fi wọ́n sí ni 0A606. Wọ́n yọ Kánádà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ibòmíì, ẹ múra láti gba ìwé àṣẹ. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ kò ní sọ ìyẹn fún yín. Ẹ̀yin lẹ máa bèèrè.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe éjẹ́ǹtì níbẹ̀ ló bá mi rìn ín. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, kì í sì í purọ́ àkókò fún èèyàn. Ọjọ́ kan ló pè mí láàárọ̀ kùtùkùtù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ dákun, ẹ ka nọ́ńbà tó wà nínú àwòrán tí ẹ fi ra ọkọ̀ yìí fún mi, lọ́kọ̀ọ̀kan."

Mo kà á.

"Ẹ tún ìkejì láti ẹ̀yìn kà."

"Mẹ́jọ."

"Hẹn. Mẹ́ta ló wà lórí ìwé o."

Ọ̀dà aláwọ̀ ewé ti dí ẹ̀gbẹ́ kan nọ́ńbà náà, níbì kan lójú ọ̀nà, ẹnì kan sì ti ka 8 sí 3. Ìwé ọkọ̀ tí mo ti fi oṣù méjì dúró dè kò jẹ́ ti ọkọ̀ mi mọ́. Kọ́sítọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà ní kí ìwé ọkọ̀ àti ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ti wà níwájú àwọn fún wákàtí 72 ó kéré tán kí ó tó jáde, nọ́ńbà méjèèjì sì gbọ́dọ̀ bára mu. Ọkọ̀ òkun tí a ti gba àyè nínú rẹ̀ ṣí lọ, ó fi lọ́rì mi sílẹ̀ nínú ọgbà, owó ìdúró sì ń gùn lójoojúmọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni àtúnṣe yẹn gbà.

Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọkùnrin yẹn ṣe, kí ẹ lè ṣe é kó tó di ọ̀ràn. Ó wọ abẹ́ lọ́rì, ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ọ̀dà kúrò níbi tí wọ́n ti lu nọ́ńbà mọ́ ara ṣáṣí, ó fi bébà pẹlẹbẹ lé e, ó wá fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsùlù rà á lọ rà á bọ̀. Nọ́ńbà náà yọ lórí bébà ní funfun láàárín dúdú, mẹ́jọ rẹ̀ pé pérépéré. Bébà yẹn la so mọ́ ẹ̀bẹ̀ àtúnṣe. Ọjọ́ tí ẹ bá rà á ni kí ẹ ti ní irú rẹ̀ lọ́wọ́.

Ó wá kan ìwọ̀n. Kọ̀ntéínà ni mo kọ́kọ́ rò, kí n lè tì í pa. Ẹnu kọ̀ntéínà fẹ̀ ní mítà 2.34. Lọ́rì yìí fẹ̀ ní mítà 2.44. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá péré ló dènà rẹ̀. RoRo la wá bá lọ, ọkọ̀ òkun tí mọ́tò máa ń fi táyà ara rẹ̀ yí wọ̀. Àyè tí ọkọ̀ bá gbà ni wọ́n fi ń ṣírò owó níbẹ̀: gígùn, fífẹ̀ àti gíga. Bó ṣe wà pẹ̀lú tapólì rẹ̀ lórí, lọ́rì náà ga tó mítà 2.84, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 6.7. Ìyẹn lé ní mítà oníhà-mẹ́ta 46. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é ti rò ó pé ọjọ́ kan á wọ ọkọ̀ òkun. Bí ẹ bá tú tapólì, tí ẹ yọ àwọn ọ̀pá tó gbé e ró, tí ẹ yọ òrùlé ibi awakọ̀, tí ẹ sì dá gíláàsì iwájú lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, gíga rẹ̀ á wálẹ̀ sí nǹkan bí mítà 2.05, ìyẹn ibi orí sítíárìn. Mítà oníhà-mẹ́ta yẹn kò wá pé 34 mọ́. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin owó lọ tí ẹ fi sípánà gé kúrò.

Mo wọ bàálù lọ síbẹ̀ fúnra mi nítorí iṣẹ́ yìí, mi ò sì kábàámọ̀. Odidi ọjọ́ kan la fi tú u. Ẹ di àwọn ọ̀pá náà pọ̀ kí ẹ sì so wọ́n mọ́ ilẹ̀ ibi ẹrù, kí wọ́n má yọ gíga ju ẹ̀gbẹ́ lọ, kí ẹ sì gba ọ̀rọ̀ lórí ìwé lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun pé àwọn gbà á. Ẹ má kó àpótí irinṣẹ́ tàbí ẹ̀yà ara ọkọ̀ sínú rẹ̀ láìsọ.

Ọjọ́ kejì, a fọ̀ ọ́. Mo rò pé omi alágbára lásán á ṣe é. Láàárín táyà méjì-méjì tó wà lẹ́yìn, amọ̀ ti le bíi bíríkì, irin la fi ń gbẹ́ ẹ. Nígbà tí mo na tapólì sílẹ̀, èso koríko ló dà jáde nínú gbogbo ìṣẹ́po rẹ̀, àwọn eléèékánná kéékèèké tó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, ewéko ilẹ̀ kan tó fẹ́ bá mi sọdá òkun. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí mo ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rẹ́ mi tó gbé tiẹ̀ lọ Ọsirélíà rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbẹ̀, erùpẹ̀ kékeré lábẹ́ ọkọ̀ tó láti dá a dúró. Ẹrù tó bá wá láti ibi tí kòkòrò tí wọ́n ń pè ní brown marmorated stink bug wà, Amẹ́ríkà àti Jámánì sì wà nínú wọn, bó bá gbéra láàárín September 1 sí April 30, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ooru tàbí gáàsì pa ohun tó bá sá pamọ́ sínú rẹ̀. Wọ́n tún ti fòfin de asbestos, ohun tí kì í jóná àmọ́ tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, pátápátá láti December 31, 2003, bẹ́ẹ̀ sì ni ọkọ̀ àtijọ́ lè ní in nínú bíréèkì, nínú kilọ́ọ̀ṣì, nínú gásíkẹ́ẹ̀tì. Ó tú gbogbo wọn, ó rán wọn lọ fún àyẹ̀wò kí ọkọ̀ tó kúrò nílẹ̀. Ó ṣe é dáadáa, torí ẹni tó bá dúró kó dé ibẹ̀ kó tó tú u, ọ̀ràn ló rà.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ti Jámánì, VEBEG ló ń bá ìjọba ta á. Ẹ ó kọ iye tí ẹ lè san ránṣẹ́, ẹ ò sì ní rí iye tí ẹlòmíì kọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbé irú rẹ̀ wọ Amẹ́ríkà, kó bi ATF, àwọn tó ń mójú tó ohun èlò ológun tó ń wọlé, bóyá ọkọ̀ náà nílò Form 6, ìwé àṣẹ wọn, kí ó tó dé, kó sì wo ọjọ́ orí rẹ̀: ọdún 21 ni EPA, iléeṣẹ́ tó ń rí sí àyíká, ń wò, ọdún 25 ni ti DOT, iléeṣẹ́ ìrìnnà.

Ẹ ra ìdójútòfò. Ní February 2022, iná sọ nínú ọkọ̀ òkun Felicity Ace, ó sì rì nítòsí erékùṣù Azores ní March 1 pẹ̀lú nǹkan bí 4,000 mọ́tò. Ṣùgbọ́n èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni òfin àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní general average. Bí wọ́n bá náwó tàbí tí wọ́n fi ẹrù kan rúbọ láti gba ọkọ̀ òkun là, gbogbo ẹni tó ní ẹrù níbẹ̀ ló máa pín in san, kódà bí ẹrù tiẹ̀ kò bá họ rárá. Wọ́n lè di ọkọ̀ yín mú títí ẹ ó fi ṣe onígbọ̀wọ́.

Lọ́rì yìí kò ní kọ́kọ́rọ́. Irin kékeré kan lẹ ó yí, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Bó bá jí, nǹkan kan á máa ké gidigidi títí atẹ́gùn bíréèkì á fi pọ̀ tó. Bí ẹ bá sì yí irin yẹn padà láti pa á, kò ní kú, àfi kí ẹ fa ọwọ́ ìpa-ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó ti ya wèrè. Mo kọ gbogbo rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú awakọ̀, mo sì fi píláásítíìkì bò ó. Ohun kan ni mi ò kọ: fọ́ltì 24 ni. Nígbà tó dé èbúté wa, bátìrì ti kú. Wọ́n gbé ẹ̀rọ fọ́ltì 12 wá, wọ́n gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ̀ kò ṣiṣẹ́. Mo lọ ra bátìrì 12 méjì, mo so wọ́n tẹ̀ léra wọn. Ẹ kọ 24 yẹn tóbi ju gbogbo ìyókù lọ.

Kí n tó gbé e kúrò lójú kan, mo wo bíréèkì. Ojú ọ̀nà òróró kan ṣoṣo ló ní: bí páìpù kan bá já, ẹsẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló pàdánù bíréèkì. Òróró bíréèkì onísílíkóònì, irú tí wọ́n ń pè ní DOT 5, làwọn ológun ń lò nínú rẹ̀. Ẹ má da ti ọjà lásán pọ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀gbẹ́ni kọ́sítọ́ọ̀mù tó wá yẹ̀ ẹ́ wò jẹ́ àgbàlagbà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ara ṣáṣí, ó fi àtàǹpàkò nu ibẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà náà sókè, èmi náà sì ń kà á tẹ̀ lé e láti inú ìwé tó wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tó ku méjì, ó dúró, ó tún nu ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sún mọ́ ọn.

"Mẹ́jọ," ni ó wí.

"Mẹ́jọ ni, sà."

Ó fọwọ́ sí i, ó ní kí n máa gbé e lọ.