Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọmọ mi fẹ́ fi Pirates sílẹ̀

Bàbá Káyọ̀dé, Pittsburgh:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ Pirates, tíìmù bésíbọ́ọ̀lù ìlú wa níbí, ni mo gbé wá. Tó bá dún bí ọ̀rọ̀ kékeré létí yín, ẹ jọ̀ọ́, kò kéré nílé tèmi.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2013 ni ẹnìkan níbi iṣẹ́ mú mi lọ sí PNC Park, pápá Pirates, létí odò Allegheny. Mi ò mọ nǹkan kan nípa eré náà. Ogún sáà gbáko, 1993 sí 2012, ni eré tí Pirates ń pàdánù fi ń ju èyí tí wọ́n ń borí lọ. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ gba ìdíje ẹ̀yìn sáà, ti àwọn tíìmù tó mókè, nílé láti 1992. Aṣọ dúdú ló kún ibi gbogbo. Àwọn èrò ń fa orúkọ ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Cincinnati gùn bí orin: "Cueeee-to, Cueeee-to." Bọ́ọ̀lù yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣà á, ó jù ú, Russell Martin tiwa sì gbá a fò kọjá ògiri. Bàbá arúgbó kan tí mi ò rí rí dì mọ́ mi, omijé ń dà lójú rẹ̀. Bí mo ṣe di ọmọ Pirates nìyẹn.

Láti 2015 a ò tíì padà dé ìdíje ẹ̀yìn sáà. Ní 2025, eré 71 la borí, a pàdánù 91. Paul Skenes ń ju bọ́ọ̀lù bí iná, ní ìpíndọ́gba, ayò tí wọ́n ń jẹ lórí rẹ̀ kò ju 1.97 lọ nínú ìpele mẹ́sàn-án tó jẹ́ eré kan, gbogbo olùdìbò ló fún un ní Cy Young, àmì ẹ̀yẹ ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù jù jùlọ. Síbẹ̀, eré 10 ló borí, wọ́n sì ka 10 mìíràn sí i lọ́rùn pé ó pàdánù, torí àwọn tó ń mú igi fún wa kì í rí ayò jẹ. Ó dùn mí wọra.

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ẹ̀kọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti fìlà rẹ̀ bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Dádì, Dodgers ni mo fẹ́ máa ṣe." Dodgers ti Los Angeles, tó gba ife 2024, tó tún gba ti 2025! Ṣé kí n jẹ́ kó lọ? Àbí mo ń fi ìfẹ́ tèmi jẹ ọmọ níyà ni?

Màmá Tèmi:
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, sà. Ẹ jẹ́ kó lọ. Ọkọ mi fi dandan mú àwọn ọmọ wa ṣe tíìmù tiẹ̀. Lónìí wọn kì í jókòó tì í wo nǹkan kan.

Akin, Houston:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ owó fún un, ó ti tó gbọ́. Kò sí òfin tó ní tíìmù ò gbọdọ̀ ná ju iye kan lọ. Ẹni tó bá kọjá ààlà á san owó orí lé e, àwọn ìlú ńlá sì rówó tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n á fi san án. Agbábọ́ọ̀lù wà lábẹ́ tíìmù tó gbé e jáde fún nǹkan bí ọdún mẹ́fà, lẹ́yìn náà ó lè lọ síbi tó wù ú. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí ò lówó fi ń pààrọ̀ ọmọ wọn kí ọjọ́ tó pé. Ní oṣù kìíní 2018, kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí Gerrit Cole àti McCutchen, àwọn ìràwọ̀ yín, fi kúrò lọ́dọ̀ yín. Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ o. Kansas City náà kì í ṣe ìlú ńlá, wọ́n gba ife ní 2015.

Bàbá Káyọ̀dé:
Òótọ́ ni. Èmi náà ti bá wọn pariwo "Ẹ ta tíìmù yìí" títí ohùn mi fi há.

Ọmọ Adámásingbà:
Shooting Stars ni tèmi, ẹ mọ ohun tójú wa rí. Ife Áfíríkà ní 1976, òmíràn ní 1992, ká tó wá já sí ìpele kejì ní 2017. Bàbá mi kò fìgbà kan sọ pé dandan ni kí n fẹ́ràn wọn. Ó máa ń ra ẹ̀pà onípépà lẹ́nu géètì, á dà á sí mi lọ́wọ́ ní mẹ́ta-mẹ́ta, á máa sọ ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé níbí ní ọdún báyìí. Tí a bá pàdánù, a ó fẹsẹ̀ rìn délé, kò sí ẹni tó máa sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀pà náà ṣe ń rùn nínú àpò mi ni mo ṣì ń rántí. Ẹ má bá ọmọ yẹn jà, sà. Ẹ kàn máa mú un dání.

Ṣadé, Baltimore:
Ìlú wa níbí lẹ ti wá gba ife yín ìkẹyìn ní 1979, kí n kọ́kọ́ fi ìyẹn bá yín jà! Ṣé ẹ ti sọ ti Roberto Clemente, ìràwọ̀ Pirates àtijọ́, fún un? Ọkọ̀ òfúrufú tó ń kó oúnjẹ lọ fún àwọn tí ilẹ̀ ríri bá ní Nicaragua ló bá a lọ, ní ọjọ́ tó kẹ́yìn 1972. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 1971, Pirates ló kọ́kọ́ kó aláwọ̀ dúdú àti Látìnì nìkan, mẹ́sàn-án lódindi, bẹ̀rẹ̀ eré. Ní 2017, Gift Ngoepe, ọmọ South Africa, di ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí nílẹ̀ Áfíríkà tó gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì ńlá bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Aṣọ Pirates ló wọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbé igi dúró, ó gbá a. Ẹ fi fídíò rẹ̀ hàn án.

Bàbá Káyọ̀dé:
Ẹ ṣeun gan-an. Fìlà ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mi ò fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n a jọ wo Ngoepe lálẹ́ àná, ó ní kí n dá a padà, a wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá Skenes náà máa lọ. Mo ní ó ṣeé ṣe. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ṣé a lè lọ wò ó kó tó lọ?" Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì fún oṣù kẹrin. Ẹ̀pà ni mo ń wá báyìí.