Ìsanpadà kọ́ o, àgbàpadà ni

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú làákàyè o. Mo ti ń wò yín láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa ti gbé fọ́ọ̀mù tí wọ́n túmọ̀ síbí, ìyẹn fọ́ọ̀mù téèyàn ń fíìlì tó bá ti fowó ara ẹ̀ sanwó ọsibítù, tó wá fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ adójútòfò fún òun lówó náà (reimbursement lòyìnbó ń pè é), tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sórí ẹ̀ pé "FỌ́Ọ̀MÙ ÌSANPADÀ ADÓJÚTÒFO". Mo ní n má sọ̀rọ̀, torí àgbà ni wọ́n jẹ́ fún mi, wọ́n sì ti rán wa létí lọ́pọ̀ ìgbà pé yunifásítì làwọn ti ń kọ́ni lédè. Àmọ́ nígbà tí ẹni tó tẹ̀ lé wọn ní "ìjẹ́wọ́-ẹ̀tọ́" ló yẹ ká máa pe claim, ìyẹn owó téèyàn ní kí adójútòfò fún òun, mo ní rárá o. Ta ló ń jẹ́wọ́? Ṣé wọ́n ká aláìsàn mọ́ ibi tó ti ń jalè ni?

Ìsanpadà yẹn ló bí mi nínú jù. Ẹni tó jẹ gbèsè ló ń san án padà. Mo tẹ fọ́ọ̀mù ọ̀hún jáde, mo mú un fún màmá onílé wa ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo níbí, torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ọkọ wọn dúró sí ọsibítù ni, kó tó di pé wọ́n ní kí wọ́n máa lọ lé. Màmá wọ jígí, wọ́n ka ìlà àkọ́kọ́, wọ́n ní "Ìsanpadà kẹ̀? Ta ni mo jẹ lówó?" Wọ́n da fọ́ọ̀mù dé sórí àga, wọ́n padà sídìí ọ̀rá tí wọ́n kó rìsíìtì sí, wọ́n ń gbé èyí tó jáde lára POS sókè síná wò, torí ó ti ṣá débi pé iye tó wà lára ẹ̀ ò fẹ́ hàn mọ́. Ẹni tó túmọ̀ ò ro ti màmá yìí, ti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ẹgbẹ́ ẹ̀ ló rò.

Ẹ jẹ́ ká wo bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ká tó sọ ọ́ lórúkọ. Ètò adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀ tí Ọbásanjọ́ ṣí lọ́dún 2005, tí òfin ọdún 2022 wá sọ di NHIA, tó sì fi í ṣe dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, kò ní kí aláìsàn máa tú àpò kó tó di pé wọ́n tọ́jú ẹ̀. Ọsibítù tó o yàn ń gba owó orí ẹ lóṣooṣù, o ṣàìsàn o, o ò ṣàìsàn o (mo mọ̀ pé táàsì lẹ gbọ́ nínú "owó orí", owó tí wọ́n ń san fún ọsibítù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan ni mò ń sọ). Tí wọ́n bá fẹ́ gbé ẹ lọ síbi tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, bíi UNIOSUN Teaching Hospital tó wà nílùú wa níbí, wọ́n á gba kóòdù àṣẹ lọ́wọ́ HMO, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó adójútòfò ẹ, HMO àti ọsibítù á jọ ṣírò owó wọn, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oògùn lo máa san. Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù yìí ò yọjú àfi tí àìsàn bá ká èèyàn mọ́ ibi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, tó fowó ara ẹ̀ san án, tó wá kó rìsíìtì, ìwé dókítà, bíìlì tó to gbogbo ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ àti nọ́ńbà àkáǹtì jọ. Ilé-iṣẹ́ ló ń san. Aláìsàn ń gbà ni, aláìsàn ló sì ni fọ́ọ̀mù.

Nítorí náà, gbà ni ọ̀rọ̀-ìṣe wa. A ní aṣọ àgbàwọ̀, a ní iṣẹ́ àgbàṣe, a ní ọmọ àgbàtọ́, kí ló wá ṣe owó àgbàpadà? Ẹni tó ní ìgbàpadà ò ṣẹ̀ púpọ̀, àmọ́ ì tó fi bẹ̀rẹ̀ yẹn, gbígbà fúnra ẹ̀ ló ń sọ, bẹ́ẹ̀ owó tá a gbà bọ̀ là ń wá orúkọ fún. Ẹ wo àjẹkù, ẹ wo àkọsílẹ̀. À ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Èyí tó ní ká pè é ní "èésú ìlera" ńkọ́, ìdílé aláró ni bàbá mi àgbà níbí, wọn ò mọ̀wé, wọ́n sì mọ èésú dójú àmì. Tí wọ́n bá dá èésú, ara wọn le ni o, kò le ni o, tó bá ti kàn wọ́n, wọ́n á lọ kó o. Adójútòfò ò rí bẹ́ẹ̀, tí o ò bá ṣàìsàn, owó ẹ ti bá ti ẹlòmíì lọ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ sì kọ òfo. Òfò ni. Èyí tẹ́ ẹ kọ yẹn, ìkòkò òfìfo ló ń dójú tì. Ẹ má dá fóònù lẹ́bi, torí gbogbo àmì tó kù ló pé. Ẹni tó ní ẹni tó yè ò ṣòfò, ká yọ òfò kúrò, ṣé owó tó bá káṣíà lọ yẹn, èrè ni?

Lójú ìwé kejì, "ìwé ìdásílẹ̀" lẹ pe ìwé díṣáàjì. Ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n ń dá sílẹ̀. Mo ti sọ bá a ṣe ń sọ ọ́ níbí lókè, pé wọ́n ní kéèyàn máa lọ lé, ẹ wá ọ̀rọ̀ látibẹ̀.

Ará Ọ̀yọ́ tó ní Yorùbá Òṣogbo ò tó dájọ́, mi ò ní fèsì síyẹn, torí òun náà ò tíì dá mi lóhùn lórí "ọsibítù" àti "ilé ìwòsàn" tó bá mi fà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó tún ní àgbàpadà á ta kókó sáwọn èèyàn lẹ́nu. Ó dáa, kó pe reimbursement ká gbọ́.