Àdàkọ kọ́, àwòkùn ni

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àbójútó èdè o.

Arábìnrin wa tó ń kọ́ àwòrán kíkùn béèrè orúkọ tó yẹ iṣẹ́ tí olùkọ́ wọn fún wọn: kí wọ́n gbé àwòrán ọ̀gá kan síwájú, odò àti afárá nínú òjò, kí wọ́n sì fi ọ̀dà tiwọn kùn ún, kó lè fi inú tiwọn hàn. Ẹnì kan ní "àdàkọ". Òmíràn ní "ẹ̀dà". Ẹ̀gbọ́n wa kan tilẹ̀ ní "ayédèrú", mo rẹ́rìn-ín débi pé tíì mi dànù.

Ká yọ ayédèrú kúrò ná, ẹ̀tàn wà nínú rẹ̀. Ẹ̀dà náà kò bá a mu: bí ẹ̀dà bá yàtọ̀ sí ìwé tí wọ́n fi ṣe é, a ó dá a padà fún ẹni tó ṣe é.

Àdàkọ ló le. Àwòrán tí olùkọ́ wọn gbé kalẹ̀, ti Hiroshige ará Jàpáànù ni, tó jáde ní 1857: òjò òjijì lórí afárá ní Edo, tó ń jẹ́ Tokyo lónìí. Ní 1887, ní Paris, Vincent van Gogh, ayàwòrán ará Netherlands, gbé e síwájú, ó sì kùn ún. Òjò Hiroshige tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Ti Van Gogh, ọ̀dà rẹ̀ ki, àwọ̀ rẹ̀ sì ta ju ti ẹni tó wò lọ. Ó wá fa etí àwòrán yí i ká bíi férémù, ó to lẹ́tà Jàpáànù tó rí lára àwòrán mìíràn sí i, lẹ́tà tí òun fúnra rẹ̀ kò lè kà. Ẹ wò ó, etí yẹn gan-an ni àdàkọ! Ojú rí i, ọwọ́ kọ ọ́, kò yé ẹni tó kọ ọ́. Àmọ́ òjò àti odò tó wà láàárín, àdàkọ kọ́.

Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1889, nígbà tó ń gba ìtọ́jú ní Saint-Rémy ní ilẹ̀ Faransé, ó ń kun àwọn iṣẹ́ Millet, ayàwòrán ará Faransé, láti inú àwòrán dúdú-òun-funfun, àwọ̀ di ọwọ́ rẹ̀. Ó kọ̀wé sí Theo àbúrò rẹ̀ pé iṣẹ́ náà jọ títúmọ̀ sí èdè mìíràn ju dídà kọ lọ. Ẹ̀yin ògbufọ̀ àárín wa, ẹ ó mọ ohun tó ń wí.

Ẹni tó mú "àwòkọ́ṣe" wá súnmọ́ ọn jù. Ṣùgbọ́n ohun tí a wò ni àwòkọ́ṣe, kì í ṣe ohun tó jáde. Bí mo bá ní ìyá mi ni àwòkọ́ṣe mi, èmi kọ́ ni àwòkọ́ṣe. Nítorí náà ti Hiroshige ni àwòkọ́ṣe. Ti Van Gogh ni mo ń pè ní àwòkùn.

N kò hú u láti inú ìwé. Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ átíìsì tó ń kọ ara mọ́tò, ọ̀gá á gbé pátákó kan tì sára ògiri, á ní, "Wò ó kùn." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lè ní ó jọ "ó wò ó kọ" ti yàrá ìdánwò. Mo gbà, ṣùgbọ́n ẹni tó jíwèé wò kì í fẹ́ kí tirẹ̀ yàtọ̀.

Ní ti "àwòrán ojú-ilẹ̀ onímọ̀lára" tí ẹnì kan pe irú àwòrán bẹ́ẹ̀, èwo ni ilẹ̀ nínú àwòrán yẹn, yàtọ̀ sí etídò tó ṣú lókèèrè? Àwòrán ìta gbangba tẹ́ mi lọ́rùn jù, n kò ní jà lé e. "Onímọ̀lára" ni n kò fẹ́, ó dà bíi pé ilẹ̀ ni nǹkan ń dùn. Afinúhàn tó.

Kí arábìnrin wa jẹ́ ká rí àwòkùn rẹ̀ nígbà tí ọ̀dà bá gbẹ.